Àpò Mélòó Ni Ẹ Rà Lónìí? Bí Ìlépa Èrè Nìkan Ṣe Ń Ba Ìwà Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo wa, bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbẹ̀ tí ó ní igi kòkó díẹ̀ ní ẹ̀yìn Èmùré, títí dé orí ọmọ tí ó ń retí àtidi òṣìṣẹ́ báńkì ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Èkó.

Ìbéèrè náà nìyí. Kí ní ń mú kí àwọn ènìyàn tí wọn kò lè jí kọ́bọ̀ ẹlòmíràn bí wọ́n bá dá wà, kí wọ́n máa pawọ́ pọ̀ rẹ́ni jẹ nígbà tí wọ́n bá di ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan? Ẹ̀yin náà ti rí irú wọn. Ẹni tí kì í pa ìsìn jẹ, ẹni tí ń san owó ilé-ìwé ọmọ arákùnrin rẹ̀, ẹni tí ó bá rí pọ́ọ̀sì owó he tí yóò wá olówó rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi iṣẹ́, ọwọ́ kan náà tí ó dá owó padà ni ó fi ń tẹ òṣùwọ̀n. Bí a bá sọ pé ìwà burúkú ni ó bí i, a kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Ó yẹ kí á wo ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí á wo ohun tí àwọn tí ó yí i ká ń yìn àti ohun tí wọ́n ń bú.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má ṣe rò pé mo ń bá èrè jà. Bí òwò kò bá mú èrè wá, òwò náà yóò kú, àwọn tí ó ń jẹun níbẹ̀ yóò sì pebi. Ìyá tí ó ń ta iṣu ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ kò lè ra iṣu ní iye kan kí ó tà á ní iye kan náà. Ohun tí mo ń bá wí ni kí èrè di ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń rí, tí ó fi jẹ́ pé òótọ́, ìlera oníbàárà, orúkọ rere àti òfin ti di ẹrù tí ń dí wọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fún èrò yìí ní orúkọ kan tí a mú láti inú ìwé ìṣirò: wọ́n pè é ní èrò ìlà ìkẹyìn, nítorí pé ní ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé ìṣirò ni a ti ń rí iye èrè. Ẹni tí ó bá ní èrò yìí kì í ka àwọn ìlà òkè. Ní ọdún 2012, Rebecca Greenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé bí ọ̀gá bá ní èrò yìí, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ náà yóò kó o bí ẹni kó òtútù, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ kí tiwọn lè yọrí. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òwò tí a mọ̀ jùlọ ní apá gúúsù Èkìtì ṣe àlàyé, èyíinì ni òwò kòkó. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, ní Ìgbàrà-Odò àti ní Ògòtún, ọ̀pọ̀ ilé ni owó kòkó kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni owó kòkó rán ní ilé-ìwé. Kòkó kì í sì í ti oko bọ́ sí ẹnu ẹni tí ó ń jẹ ṣokoléètì. Àgbẹ̀ a tà á fún ẹni tí ń ra kòkó káàkiri abà. Ẹni yìí a kó o lọ sí ilé ìkẹ́rù nínú ìlú. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbé e lọ bá àwọn tí ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìjọba ìpínlẹ̀ a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kúrò, ìjọba àpapọ̀ a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté. Ẹ wo iye ọwọ́ tí ó gbà á kọjá. Ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni òótọ́ ti lè dúró, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lè ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí à ń pè ní kòkó tó dára. Bí a bá fọ́ kòkó, a ó kó hóró rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè kan, a ó sì máa yí i padà. Kíkan yìí ni ó ń fún un ní òórùn àti adùn. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Kòkó tó gbẹ dáadáa kò gbọ́dọ̀ ní omi tí ó ju nǹkan bí kílò méje ààbọ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún kílò. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu nínú àpò. Láti mọ èyí tó dára, olùyẹ̀wò a mú hóró 300, a fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí kòkó tó lè wọ ìpele kìíní, èyí tí ó bu nínú 300 yẹn kò gbọ́dọ̀ ju 9 lọ, èyí tí kò kan, tí inú rẹ̀ sì rí bí síléètì, kò gbọ́dọ̀ ju 9 lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí kòkòrò ti jẹ tàbí tí ó ti hù. Ẹ rí i pé iṣẹ́ sùúrù ni. Bẹ́ẹ̀ sùúrù kì í jẹ́ kí àpò pọ̀ ní òòjọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé ìkẹ́rù kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o, n kò fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn márùn-ún ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọ̀gá, ẹni tí ń lọ ra kòkó ní abà, ẹni tí ń wọn kòkó, ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti akọ̀wé. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá a pè wọ́n jọ, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àpò mélòó ni ẹ rà lónìí?" Kò béèrè bóyá ó gbẹ. Kò béèrè bóyá àgbẹ̀ gba owó rẹ̀ pé. Bí àpò bá pọ̀, ẹ̀rín ni. Bí ó bá kéré, ojú a le koko, nítorí pé ọ̀gá náà ní ọ̀gá, ẹni tí ó ti fi àsansílẹ̀ owó ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ tàbí Èkó, tí ó sì ń retí iye àpò kan kí oṣù tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹni tí ń yẹ kòkó wò kọ àpò mẹ́rin sílẹ̀ nítorí pé wọ́n tutù. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó lọ ra kòkó wí pé, "Lágbájá ni kò jẹ́ kí á pé iye." Ojú gbogbo wọn sì yí sí i. Kò sí ẹni tí ó bú u, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ àpò méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n sọ fún un pé kí wọ́n da kòkó tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ, pé kò ní hàn. Ní oṣù kejì, ẹni tí ń wọn kòkó ti mọ bí ó ṣe lè mú kí òṣùwọ̀n fi kílò mẹ́ta pamọ́ lórí àpò kan. Akọ̀wé ń kọ ohun tí wọ́n bá pè fún un. Nígbà tí ó bá fi di ìgbà ìkórè tó tẹ̀ lé e, bí ọmọ tuntun kan bá wọlé síṣẹ́, ohun tí wọn yóò kọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní ni bí a ṣe ń da kòkó pọ̀. Ọmọ náà yóò rò pé bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn pinnu pé, "Láti òní lọ, olè ni mí." Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ sì kíyè sí i pé ọ̀gá kò pàṣẹ olè jíjà. Ìbéèrè kan ni ó ń bi wọ́n. Ohun tí ọ̀gá bá ń béèrè lójoojúmọ́ ni òṣìṣẹ́ yóò máa wá. Ohun tí kò bá béèrè rí, wọn yóò gbà pé kò já mọ́ nǹkan.

Báwo wáá ni ẹ̀rí ọkàn wọn ṣe ń sùn? Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Albert Bandura, tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí ó sì kú ní ọdún 2021, ṣe ìwádìí lórí ìbéèrè yìí. Ó fi hàn pé ọ̀nà kan kọ́ ni ènìyàn ń gbà tu ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lójú. Èmi yóò mú mẹ́rin nínú wọn, n ó sì fi wọ́n sí ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ wa.

Èkíní ni pé kí á fún ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ dídùn. A kì í sọ pé a da kòkó pọ̀. A ó ní a "tún un ṣe". A kì í sọ pé a yí òṣùwọ̀n. A ó ní a "gbà á mọ́ra". Bí orúkọ bá ti dùn, ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà kò ní korò mọ́.

Èkejì ni pé kí á pín ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Ẹni tí ó rà á ní òun kọ́ ni òun wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ní òun kọ́ ni òun yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé ní ohun tí wọ́n bá pè ni òun ń kọ. Àwọn àgbà ti dá akọ̀wé lóhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí á di ẹ̀bi lé ọ̀gá lórí: "Wọ́n rán mi ni." Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní làákàyè tirẹ̀, a sì retí pé kí ó lò ó.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí á wo ẹni tí ó burú jù wá lọ. "Kílò mẹ́ta péré ni àwa ń yọ, àwọn tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń yọ márùn-ún." Bí olè bá ti rí olè tí ó ju òun lọ, ó máa ń rò pé ọmọlúàbí ni òun.

Lórí gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí ó le ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, òun ni ìfẹ́ ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ wa. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ lọ́wọ́ nínú ohun tí kò tọ́ kì í jọ olóòótọ́ lójú wọn. Ọ̀dàlẹ̀ ni ó máa ń jọ. Nítorí náà, ìwà rere tí a fi ń ran ara wa lọ́wọ́ náà ni ó wá di okùn tí a fi ń so ara wa mọ́ ìwà burúkú. Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ni ó ń mú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tẹ òṣùwọ̀n. Ó ń ṣe é kí ojú má baà ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn tí mo ro fúnra mi nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tí ń ra kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa san, kí wọ́n má baà máa bá ara wọn du kòkó. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, bínú, wọ́n sì kọ̀ láti ta kòkó wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá, èyí tí William Nowell jẹ́ olórí fún, ìgbìmọ̀ náà sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Wọ́n rí ìyànjẹ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi àsansílẹ̀ owó fún àwọn alágbàtà kí kòkó lè pọ̀. Bí iye owó bá fẹ́ já wálẹ̀, alágbàtà a parọ́ pé kòkó tí òun ti rà ní iye àtijọ́ ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Bí iye owó bá fẹ́ gòkè, a parọ́ pé ó kéré. Ọ̀gá ń dá ọgbọ́n sí àgbẹ̀ lókè, alágbàtà ń dá ọgbọ́n sí ọ̀gá nísàlẹ̀. Nígbà tí olórí ilé bá ń fi èrè nìkan díwọ̀n ọmọ ọ̀dọ̀, kí ó má yà á lẹ́nu bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá fi èrè nìkan díwọ̀n òun náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba gba òwò náà mọ́wọ́. Ní ọdún 1947, wọ́n dá àjọ tí ń rí sí títa kòkó Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì di ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1954. Àjọ náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ó máa ń dá púpọ̀ dúró nínú owó tí ó tọ́ sí àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi iye owó hàn fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá mú kòkó tó dára wá a gba owó ju ẹlòmíràn lọ. Kòkó Nàìjíríà sì ní orúkọ ní ọjà àgbáyé. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ pa àjọ kòkó rẹ́. Iye tí àgbẹ̀ ń gbà gòkè, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn olùra tuntun rọ́ wọlé, wọ́n ń bá ara wọn du àpò lójú ọ̀nà oko, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra èyí tí kò kan, wọ́n ń ra èyí tí ó bu. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà òkè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, tí wọ́n sì ń yọ owó kúrò lórí kòkó tí wọ́n ti ń fi owó kún tẹ́lẹ̀. Ìwà ènìyàn kò yí padà lóru ọjọ́ kan. Ìbéèrè tí à ń bi wọ́n ni ó yí padà: láti "Irú kòkó wo ni?" ó di "Àpò mélòó ni?"

Ẹ má sì ṣe rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, báńkì ńlá kan wà tí ń jẹ́ Wells Fargo. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oríṣi nǹkan mẹ́jọ lọ́wọ́ báńkì náà, wọ́n sì ń béèrè iye lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì fún àwọn oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ tí wọ́n pè é dà bí orúkọ eré ìdárayá. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa orúkọ dídùn. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n ti lé òṣìṣẹ́ tó tó 5,300 kúrò níṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún. Ìjọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báńkì náà, ní ọdún 2020 ó sì tún san bílíọ̀nù 3 dọ́là láti parí ọ̀ràn náà. Ẹ bi ara yín: ǹjẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún olè lè dédé pàdé níbi iṣẹ́ kan? Ibi iṣẹ́ náà ni ó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Nílé níhìn-ín náà, ní ìparí ọdún 2006, a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ Cadbury Nigeria, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mu ohun mímu kòkó rẹ̀ láti kékeré, ti ń kọ èrè tí ó ju èyí tí ó rí lọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ṣírò àlékún náà sí bílíọ̀nù náírà 13 sí 15. Lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kí wọ́n ti ọjà lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́ kí ọdún tó parí kí ó lè jọ pé títà pọ̀, kí wọ́n sì tún wá rà á padà. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà àti olórí ìṣúná kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ènìyàn méjì kò lè fi ọwọ́ ara wọn kó ọjà sínú ọkọ̀, kí wọ́n kọ ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì kó o padà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilé ìkẹ́rù wa.

Ta wáá ni ó ń san gbèsè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé yín. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò méjìlélọ́gọ́ta ààbọ̀. Àpò 16 ni ó pé tọ́ọ̀nù kan. Bí òṣùwọ̀n bá fi kílò mẹ́ta pamọ́ lórí àpò kan, àgbẹ̀ tí ó tà tó àpò 20 ní ọdún yóò pàdánù kílò 60. Ó kù díẹ̀ kí ó pé odindi àpò kan. Ìyẹn lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ kan. Ẹ tún wo kòkó tútù. Bí omi inú kòkó bá jẹ́ kílò 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí a bá sá a gbẹ dáadáa yóò ku bíi kílò 92. Kílò mẹ́jọ tí a sanwó fún, omi ni. Nínú tọ́ọ̀nù kan, ó jẹ́ kílò 80, ó ju àpò kan lọ. Ẹni tí ó kẹ́yìn tí ó bá rà á yóò mọ̀, yóò sì yọ owó kúrò lórí gbogbo kòkó tí ó bá ti agbègbè náà wá. Nígbà náà ni àgbẹ̀ Ìsẹ̀ tí ó fi ọjọ́ mẹ́fà bo kòkó rẹ̀, tí ó fi ọ̀sẹ̀ kan sá a, yóò gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó tà á ní tútù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun náà kò ní bò ó mọ́. Bí ìyànjẹ ṣe ń ti ilé ìkẹ́rù padà sí oko nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n bí àwa kò bá ṣe é, àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe é, àwa ni yóò sì pebi." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì fẹ́ fi ẹnu lásán lé e lọ. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá dá dúró lè pàdánù. Ní ọdún 2024, nígbà tí iye kòkó gòkè dé ibi tí kò dé rí, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là ní oṣù Kejìlá, ta ni yóò sọ fún olùra pé kí ó dúró de kòkó kí ó gbẹ? Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, iye náà já wálẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọjà bá dì, ẹni gbogbo ni ó ń rí tà. Nígbà tí ọjà bá tú, ẹni tí ó ní orúkọ rere ni oníbàárà máa ń wá lọ. Èyí ni ó fi yẹ kí á jọ tún un ṣe, nítorí pé ohun tí ẹgbẹ́ bà jẹ́, ẹgbẹ́ ni yóò tún un ṣe.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ẹ ṣọ́ ìbéèrè tí ẹ ń béèrè nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá béèrè iye àpò, ẹ béèrè iye tí ó gbẹ, ẹ béèrè iye tí a kọ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ẹni tí ń yẹ kòkó wò dá lórí iye àpò tí a rà, nítorí pé ẹni tí ẹ̀ ń fi owó pè láti dijú kò ní lajú fún yín.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí á "tún un ṣe", ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kí á da tútù mọ́ gbígbẹ ni?" Ọ̀pọ̀ ìwà burúkú ni kò lè dúró níwájú orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má sì dá a ṣe. Ẹ wá ẹnì kejì. Ẹnìkan tí ó kọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Bí wọ́n bá di méjì, wọ́n ti di èrò kan tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ wo òṣùwọ̀n kí ó tó gbé ẹrù yín. Ẹ gbé ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e lórí, bí àpò símẹ́ńtì tí kò tíì tú, tí ó jẹ́ kílò 50. Ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ jọ tà, nítorí pé ó rọrùn láti rẹ́ ẹnìkan jẹ ju kí á rẹ́ ogún ènìyàn tí wọ́n dúró ti òṣùwọ̀n lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́. Bí kíláàsì yín bá pinnu pé kí gbogbo yín wo ìwé ara yín nínú ìdánwò kí ilé-ìwé yín lè gba ipò kìíní, ìlà ìkẹyìn náà ni ẹ̀ ń kà yẹn. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ ohun tí a ó máa ṣe ní ilé ìkẹ́rù àti ní báńkì lọ́la.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa wo ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé: ìbéèrè wo ni wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́ níbí, ìbéèrè wo ni a kì í gbọ́ rí? Nínú èyí tí a kì í gbọ́ ni ewu wà.